Alága Tí Ó Lé Àmì Ohùn Kúrò Nílùú

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí dání, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú, nítorí pé ọkùnrin tí ó dá lé lórí kò kánjú rí láyé rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ wọ yàrá, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé kí gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí ikùn bá kí wọn tán ni ẹni tí ó ni ín yóò tó dé. Bí ó bá fẹ́ wúkọ́, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a wú u, kí ó má baà rẹ ọ̀nà ọ̀fun ńlá.

Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Olúbọ̀dé, Alága Ìgbìmọ̀ Àjọṣe Ìjọba àti Aládàáni fún Ìtọ́jú Ìlera ní Gbogbo Ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Bí ẹ bá ní láti mí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ka oyè yẹn tán, ẹ má ṣe tijú. Mímí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìjọba ní ilé ìwòsàn, oògùn ni kò sí nínú rẹ̀. Àwọn aládàáni ní oògùn, owó rẹ̀ ni ó ga ju Olúmọ lọ. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí aláìsàn ní Ìjẹmọ, ní Ìgbẹ̀in àti ní àwọn abúlé òdìkejì odò lè rí ìtọ́jú gidi gbà ní iye tí apá rẹ̀ ká. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ìró ohùn ara rẹ̀ ni wọ́n fi rán. Ẹni tí ó bá sì fi ewúrẹ́ ṣọ́ iṣu kò nílò kí a sọ fún un ibi tí èèpo yóò wà.

Ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ pé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti jókòó sí ọ́fíìsì ńlá kan ní Òkè-Ìléwó, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Kamaldeen, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága, ni ó kọ́kọ́ yọjú. Ó bá Alága wúkọ́, ó sì figbe ta.

“Ẹ dìde! Ẹ dìde! Erin ń bọ̀! Oòrùn tí ń ràn ní Òkè-Ìléwó tí àwọn ará Ìgbẹ̀in fi ń sá èlùbọ́! Ọkùnrin tí àìsàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí ó ṣàìsàn!”

Ikùn wọlé. Alága tẹ̀ lé e.

“Ẹ jókòó,” ni ó wí. “Èmi ti jókòó fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ṣì lè jókòó.”

Ó mú ìwé ìpàdé tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ó nà án jìnnà sí ojú, ó fà á súnmọ́ imú, ó sì gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé òkú eku.

“Kamaldeen, kí ni gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí?”

“Àmì ohùn ni, sà.”

“Ohùn? Ṣé ìwé ń pariwo ni? Ní ọ́fíìsì tèmi, èmi nìkan ni mo ní ohùn.”

“Ẹ̀yin nìkan ni, sà. Àwa ń yá a lò ni.”

“Ẹ wo bí inki ti ń ṣòfò! Àmì lórí, àmì nídìí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ lẹ́tà di olójú méjì. Inki yìí náà ni owó oògùn tí a ń wá kiri. Láti òní lọ, mo lé àmì kúrò. Kò gbọ́dọ̀ sí lórí ìwé, kò gbọ́dọ̀ sí lára pátákó, kò gbọ́dọ̀ sí lára páálí oògùn. Ohun tí ọ́fíìsì yìí bá sì ti kọ, bí ènìyàn bá ti kà á ni ó rí. Ẹnu kankan kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe.”

Hephzibah dìde. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré Ìjẹmọ, òun ni ó sì ṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nínú ìgbìmọ̀ náà.

“Ẹ forí jì mí, Alága. Bí a bá kọ O-G-U-N sára páálí, báwo ni aláìsàn yóò ṣe mọ̀ bóyá oògùn ni, tàbí ogun, tàbí Ògún alágbẹ̀dẹ, tàbí ogún bàbá rẹ̀?”

“Nọ́ọ̀sì, ẹni tí ibà ń gbọ̀n kò ráyè jagun, bẹ́ẹ̀ ni kò ráyè pín ogún. Yóò gbé e mì ni.”

Kamaldeen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó rí i pé Alága ṣì ń wo òun, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yan àkọlé fún àjọṣe náà: AJOSE FUN IYE. Bí wọ́n ti gbé e sára ògiri ni àtẹ́wọ́ dún. Àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá pàtẹ́wọ́ nítorí pé ìyè ni wọ́n kà. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ́gun, tí ó ṣojú ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń kọ́ ilé ìwòsàn, pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ nítorí pé iye ni òun kà, iye tí à ń san. Ọwọ́ gbogbo wọn jọ dún pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Kamaldeen sì kígbe pé, “Àjọṣe ti bẹ̀rẹ̀!”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ rántí àtẹ́wọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ni ó wà láyé tí ó jẹ́ pé àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n jà.

Wàyí o, ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi hàn aráyé, Alága kò sì tíì ṣe nǹkan kan àyàfi pé ó lé àmì. Ó wọ mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìjẹmọ láti wo ohun tí ojú lè rí.

Ilé ìwòsàn Ìjẹmọ kò ní nǹkan púpọ̀. Ọ̀dà ògiri rẹ̀ ti ṣí, bẹ́ńṣì rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n ní igun yàrá, ẹ̀rọ ọ́síjìn kan wà níbẹ̀ tí ó funfun tí ó ń tàn, tí ń fún ẹni tí èémí kò tó ní atẹ́gùn. Àwọn obìnrin aláró Ìjẹmọ ni wọ́n dáwó jọ rà á, Mùsùlùmí àti Kristẹni wọn. Ìyá arúgbó kan tí à ń pè ní Asiata jókòó tì í, ọ̀pá rọ́bà ẹ̀rọ náà wà nímú rẹ̀. Ikọ́ fée ti ń bá ìyá yìí jà láti ìgbà èwe. Àbúrò rẹ̀, Alhaja Bùsírátù, ìyálóde àwọn aláró, dúró lẹ́yìn rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́.

“Èyí ń tàn,” ni Alága wí.

“Ti Ìjẹmọ ni, sà,” ni Hephzibah dáhùn.

“Ohun tí ó bá ti ń tàn, ti ìgbìmọ̀ ni. Kamaldeen, ẹ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn wa ní Òkè-Ìléwó. Ẹ so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Òun ni àkọ́so àjọṣe wa.”

Alhaja Bùsírátù bọ́ síwájú. “Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ọyẹ́ ń bọ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà ẹ̀gbọ́n mi a máa hó bí ìkòkò. Bí ẹ bá gbé e lọ, kí ni ẹ fẹ́ kí ó máa mí sí?”

Alága wo ìyá náà pẹ̀lú àánú ńlá, irú èyí tí kì í náni ní kọ́bọ̀.

“Kí ó máa mí sí ìrètí.”

“Áà! Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀!” ni Kamaldeen wí.

“Ìgbà wo ni yóò padà?” ni Alhaja bi í.

“Nígbà tí Alága bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí pèpéle. Nǹkan tí ó bá ti wọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, àfi kí Alága là á láṣẹ kí ó tó jáde. Bí ọba ọ̀run bá fẹ́ ẹ, kí ó wá rí Alága.”

Wọ́n yọ ọ̀pá náà nímú ìyá arúgbó bí ẹni yọ ọmú lẹ́nu ọmọ. Asiata kò bínú. Ó kàn wo àwọn tí ń gbé ẹ̀rọ náà lọ, ó ní, “Ẹ rọra o, ọmọ mi. Bí ẹ bá délé, ẹ bá mi kí atẹ́gùn.”

Bí Alága ti ń jáde lọ ni ó rí àwọn ìkòkò aró nínú àgbàlá Alhaja, tí aṣọ àdìrẹ ń kán lórí okùn lókè wọn. Ó dúró. Èrò ti dé. Bí èrò bá dé bá Alága, a máa dúró ni, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn.

“Kamaldeen! Mo ti rí i! Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, èmi yóò ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró fún ìjọba. Adéṣẹ́gun yóò ti ọwọ́ bọ ọ́ fún aládàáni. Ọwọ́ méjì, ìkòkò kan, aṣọ kan! A ó máa pè é ní Ọjọ́ Ìdáró Ńlá!”

“Ẹ̀yin gan-an ni agbe, sà. Ẹ̀yin ni ẹyẹ tí ó ni aró!”

Alhaja Bùsírátù rò ó wò. Bí ọjọ́ náà bá tètè dé, ẹ̀rọ yóò tètè padà. “N ó gbé ìkòkò wá,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín o, Alága: aró kì í mọ olóyè. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀, bákan náà ni ó ń rí.”

Kamaldeen padà sí ọ́fíìsì, ó tẹ ìkéde. Kò sí àmì kan níbẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ó gbọ́ràn ni. Alága fọwọ́ sí i. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Òkè-Ìléwó dé Ìgbẹ̀in, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé rédíò. Bí ó ti kà nìyí:

OJO IDARO NLA TI ALAGA WA, OLOYE OLUBODE. GBOGBO OMO EGBA, E WA KI A JO DARO.

Ẹ̀yin náà ẹ kà á. Kí ni ẹ kà? Ṣé ẹ rí i? Ìdáró ni ti aláró, ìdárò ni ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àmì kan ṣoṣo, ní orí lẹ́tà tí ó kẹ́yìn, ni ó wà láàárín ayẹyẹ àti òkú. Alága sì ti lé àmì náà kúrò nílùú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alága ń fi mọ́ínmọ́ín mu ògì nílé rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójijì, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà lọ sílẹ̀ bí omi inú àmù. Ó ní pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni òun fi ń ka ìkéde kan. Ó kà á. Ó fa imú. Ó ní igi ńlá ti wó nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Kamaldeen já wọlé láìwọ bàtà, ó rí Alága pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

“Alága, ṣé ẹ̀yin náà ni?”

“Ta ni ìbá tún jẹ́?”

“Ẹ… ẹ ti kú, sà.”

“Mo kú? Ta ló pàṣẹ rẹ̀? Ṣé mo fọwọ́ sí i ni?”

“Ẹ fọwọ́ sí i, sà.”

Alága ti la ẹnu láti bínú. Ṣùgbọ́n rédíò kò dákẹ́. Àwọn ènìyàn ti ń pe ilé rédíò lórí fóònù. Ọkùnrin kan láti Ìgbẹ̀in ń sunkún. Ó ní òun kò bá Olóyè Olúbọ̀dé pàdé rí, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni òun ti mọ̀ pé nǹkan kan dín láyé. Obìnrin kan ní ẹni rere kì í pẹ́. Ṣíbí Alága dúró láàárín àwo àti ẹnu.

“Dákẹ́ ná, Kamaldeen. Jẹ́ n gbọ́ èyí.”

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Gbogbo ìyìn tí Alága ti gbọ́ láti ọjọ́ tí ó ti joyè, ó san owó rẹ̀. Ó ń sanwó oṣù Kamaldeen, ó ń sanwó ọkọ̀ fún àwọn tí ń kígbe. Èyí tí ó ń gbọ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni! Ẹni tí ó ti ń ra omi mu láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ìgbà tí òjò bá rọ̀ sí i lẹ́nu, ṣé yóò pa ẹnu dé ni?

“Ṣé kí n sáré lọ tún un ṣe, sà?”

“Tún kí ni ṣe? O ti gbàgbé òfin mi. Ẹnu kankan kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Jẹ́ kí wọ́n dárò mi. N ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bí wọ́n bá sunkún débi tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, n ó jáde sí wọn, ayọ̀ wọn yóò sì fọ́ gbọ̀ngàn.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, tí ó ti lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Ìbàdàn.

“Bàbá Ìbejì, wọ́n ní ẹ kú.”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé kí n máa bọ̀ ni?”

“Dúró ná. Ó ṣì ń dùn.”

Kò sí ẹni tí ó béèrè òkú. Ní ìlú tí a bá ti lè fi ilé ìwòsàn tí kò sí lọ́lẹ̀, òkú tí kò sí kò lè dí ìsìnkú lọ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Ọyẹ́ pẹ̀lú ti dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó fi eruku bo Olúmọ lójú. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ fún aṣọ dúdú. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo àga Alága níwájú. Ẹ̀rọ ọ́síjìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù lọ́rùn bí ìyàwó tí ọkọ kò wá. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ìkòkò aró ńlá tí Alhaja ti gbé wá kí rédíò tó ka ìkéde wà níbẹ̀, wọ́n fi pákó dé e. Nítorí pé àga rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, Alága kò rí ibòmíràn jókòó sí. Ó jókòó lórí pákó. Kamaldeen dúró tì í.

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ́gun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Olóyè olóògbé yìí jẹ́ ènìyàn tí a kò lè mọ iye rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n.”

“Ó dára,” ni Alága sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Pákó dún kẹ́.

Alàgbà Isaiah, tí ó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. “Bí Olóyè bá ń sọ̀rọ̀, oorun a máa kùn wá. Kì í ṣe àárẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn ni. A mọ̀ pé ìgbà tí a bá jí, yóò ṣì wà lórí rẹ̀.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ni Alága wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ara rẹ̀. Bí ìyìn ti ń wọlé ni ó ń wú. Bí ó ti ń wú ni pákó ń tẹ̀.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣí. Àwọn aláró Ìjẹmọ wọlé. Wọ́n gbé Asiata sáàárín. Àyà ìyá náà ń fé bí fèrè. Ó ń gbìyànjú láti kí àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ìdajì kíkí náà, “Ẹ kú,” nìkan ni ó jáde. Alhaja Bùsírátù rìn bọ́ síwájú.

“Ẹ kú àṣehìndè,” ni ó wí. “A kì í bú òkú. N kò ní bú u. Ibi tí ó lọ, kí ó máa mí sí ìrètí níbẹ̀.”

Ẹnì kan bẹ́ sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yí i sí ikọ́.

“Ẹ̀rọ wa ni mo bá wá. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi níbí yìí. Wọ́n ní àfi kí Alága là á láṣẹ kí ó tó kúrò. Alága kú. Ó dáa. Ẹ yan òmíràn, kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ bá a wúkọ́ lọ́run!”

“Òótọ́ ni!” ni gbogbo ilé hó.

“Kí ni wọ́n ń yan?” ni Alága bi Kamaldeen lẹ́yìn aṣọ.

Alàgbà Isaiah ti na ọ̀pá sókè. “Èmi yan Nọ́ọ̀sì Hephzibah. Nínú gbogbo wa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìlera, òun nìkan ni ó ti fọwọ́ kan aláìsàn rí.”

“Mo fara mọ́ ọn,” ni Adéṣẹ́gun wí kíákíá. Ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lọ́jọ́ náà. Bí ẹrù bá ti fẹ́ kúrò lórí ìyá, kò kàn án ẹni tí yóò sọ̀ ọ́.

“Ẹni tí ó bá gbà, kí ó nawọ́!”

Ọwọ́ lọ sókè bí oko àgbàdo. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọwọ́ kan lọ sókè pẹ̀lú.

“Kamaldeen! Ọwọ́ ta nìyẹn?”

“Ó gbéra fúnra rẹ̀ ni, sà.”

“N kò tíì kú!” ni Alága ké. Ó fi gbogbo ìwúwo ìyìn tí ó ti jẹ láti àárọ̀ ta sókè, ó sì balẹ̀ padà. Pákó sọ pé “pàà”. Alága wọ inú aró. Ó di aṣọ ìkélé mú kí ó má baà rì; aṣọ já, ó bò ó mọ́lẹ̀, ìkòkò dojú dé. Nígbà tí yóò fi dìde dúró lójú gbogbo ènìyàn, láti fìlà títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó ti dúdú bí òru, eyín rẹ̀ nìkan ni ó ń funfun.

“Òkú ti dìde o!”

Ẹ kò rí bí àwọn ọlọ́lá ti ń gba ojú fèrèsé! Adéṣẹ́gun gun orí tábìlì. Alàgbà Isaiah wọ abẹ́ rẹ̀. Alhaja Bùsírátù nìkan ni kò yẹ̀. Ó káwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

“Ta ló wà nínú aró mi?”

“Èmi ni! Èmi Olóyè Olúbọ̀dé! N kò kú!”

Hephzibah sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ka ìlù ọkàn rẹ̀ díẹ̀. “Bàbá, ara yín le. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ti ọ́fíìsì yín jáde, tí ẹ fọwọ́ sí, ní kí a wá ṣe ìdárò yín.”

“Ìdáró ni! Ìdáró! Kì í ṣe ìdárò!” Alága ń fò sókè bí ohùn bá ròkè, ó ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ó bá wálẹ̀, aró ń ta sí gbogbo ènìyàn lára. “Dò-mí-mí! Kì í ṣe dò-mí-dò! Dò! Mí! Mí! Àmì òkè ni ó kẹ́yìn rẹ̀!”

“Níbo ni àmì òkè náà wà?”

Alága wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀.

“Mo… mo lé e.”

Láti abẹ́ tábìlì, ohùn Alàgbà Isaiah jáde wá jẹ́jẹ́. “Ohun tí ọ́fíìsì bá ti kọ, bí ènìyàn bá ti kà á ni ó rí. Ẹnu kankan kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Òfin Alága olóògbé ni. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.”

“Kamaldeen! Sọ fún wọn! Ìwọ mọ̀ mí!”

Kamaldeen wo ọ̀gá tí aró ń kán lára rẹ̀. Ó wo nọ́ọ̀sì. Ó fọ ọ̀fun.

“Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá olóògbé ṣiṣẹ́, n kò rí i ní aláwọ̀ aró rí. Ẹ dìde! Ẹ dìde! Òṣùpá ti yọ! Ìyá tí àìsàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí ó—”

“Kamaldeen, gbé ẹnu yẹn kalẹ̀,” ni Hephzibah wí. “Bá wa gbé ẹ̀rọ.”

Ó yọ sísọ́ọ̀sì nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gé ríbọ́ọ̀nù láìsọ ọ̀rọ̀ ìfilọ́lẹ̀ kankan. Wọ́n ki ẹ̀rọ mọ́ iná níbẹ̀, wọ́n sì ti ọ̀pá bọ imú Asiata. Fèrè inú àyà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó tó sọ̀rọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni, “Ẹ kú ilé o,” nítorí pé ìdajì kíkí náà ṣì wà lọ́fun rẹ̀. Adéṣẹ́gun sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ojú tì í, ó sì ní kí mọ́tò ilé-iṣẹ́ òun gbé ìyá àti ẹ̀rọ padà sí Ìjẹmọ. Ẹ jẹ́ kí a yìn ín: iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àjọṣe náà ṣe nìyẹn.

Kí wọ́n tó lọ, Hephzibah ní kí wọ́n mú pátákó àkọlé wá. “AJOSE FUN IYE. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ́gun, ẹ kà á sí mi létí.”

“Iye,” ni Adéṣẹ́gun wí.

“Ìyè,” ni àwọn ará ìjọba wí.

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti kọ ọ́ lákọ̀tun, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: ÌYÈ, NÍ IYE TÍ APÁ ALÁÌSÀN KÁ. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Alága ńkọ́? Ó sáré dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yàn án. Wọ́n ní àwọn gbà pé ó wà láàyè, ṣùgbọ́n àwọn ti fi ìwé ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, wọn kì í sì í gba ìbánikẹ́dùn padà. Ó pe ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà wo aró, ó wo ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Kò kù ju kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjẹmọ, láti lọ gba oyè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọyẹ́ gbẹ ọ̀fun rẹ̀. Ikùn tí ó ti ń ṣíwájú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí ó fi rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àyà rẹ̀ ń fé, kò sì rí ẹni bá a wúkọ́.

Ó já lu bẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì mì.

“Ẹ… ẹ…” ni ó wí. Èémí kò tó èyí tí yóò fi pàṣẹ.

Asiata wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ó yọ ọ̀pá nímú ara rẹ̀.

“Hephzibah, ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí òkú náà mí díẹ̀.”

Hephzibah fi ọ̀pá mìíràn sí ẹ̀rọ náà, ó mú káàdì àti báírò. “Orúkọ yín, bàbá?”

“Olú… Olúbọ̀dé.” Ó gbé ìka dúdú kan sókè. “Ẹ jọ̀ọ́… ẹ bá mi fi àmì sí i. Gbogbo rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì fi sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkè àti ìdí. Lẹ́yìn náà ni ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ nímú, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

“Ó yá, bàbá. Ẹ mí.”

Alága mí.

“Ẹ tún mí.”

Ó tún mí.

Alhaja Bùsírátù ń nu aró kúrò lára bẹ́ńṣì. Kò gbójú sókè.

“Mí, mí,” ni ó wí. “Dò ló kù kí ó di ìdáró.”